Ta ló yẹ ká máa pè ní àwòkọ́ṣe?

 

Ẹ wo bí a ṣe ń lo ọ̀rọ̀ yìí, "àwòkọ́ṣe", lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Olórin ra mọ́tò tuntun, àwòkọ́ṣe ni. Ẹnì kan ní mílíọ̀nù kan ọmọlẹ́yìn lórí Instagram, àwòkọ́ṣe ni òun náà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: kéèyàn wò ó, kó kọ́ ọ, kó sì ṣe é. Kí ni mo fẹ́ kọ́ lára mọ́tò? (Mi ò bá mọ́tò jà o. Ẹni tó bá fẹ́ fún mi, mo ti na ọwọ́.)

Ẹni tí mo fẹ́ fi ṣàlàyé ni Dókítà Ameyo Stella Adadevoh. Ọ̀pọ̀ nínú yín ṣì kéré lọ́dún 2014, torí náà ẹ jẹ́ ká rọra sọ ọ́.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún náà, Patrick Sawyer bá ọkọ̀ òfurufú dé sí Èkó láti Liberia. Ara rẹ̀ ò yá rárá. Àwọn dókítà ìjọba wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì, ni wọ́n bá gbé e lọ sí First Consultants, ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ọ́báléndé. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Lọ́jọ́ kejì ni Dókítà Adadevoh, ọ̀kan lára àwọn àgbà dókítà ibẹ̀, wá wò ó. Ebola ò tíì wọ Nàìjíríà rí, òun náà ò sì rí ẹni tó ní in rí. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ Liberia, ó wo aláìsàn náà dáadáa, ó sì ń bi í ní ìbéèrè. Sawyer ní òun ò bá ẹlẹ́bola kankan pàdé. Dókítà ò gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́. Ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kó má sì kúrò níbẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ ti le nìyí. Sawyer ń lọ sí ìpàdé ECOWAS ní Kàlàbá. Àwọn aláṣẹ Liberia ń pè lórí fóònù pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lójú. Èsì àyẹ̀wò ò sì tíì jáde o! Ká ní ìwọ ni. Aláìsàn ń bínú, àwọn èèyàn ńlá ń pè, kò sì sí ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ rẹ ju ohun tójú rẹ rí lọ. Kí o buwọ́ lùwé kó máa lọ, wàhálà parí. Ó ní rárá.

Sawyer kú ní ọjọ́ 25 oṣù Keje. Dókítà kó àrùn náà, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ, lẹ́ni ọdún 57. Àwọn kan lára òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn náà bá a lọ. Ní gbogbo Nàìjíríà, èèyàn 20 ló kó o, 8 kú. Ní Liberia, àwọn tó kú lé ní 4,800.

Àwọn kan máa ń sọ pé ọmọ-ọmọ-ọmọ Herbert Macaulay ni, pé ìyẹn ló fà á. Òótọ́ ni pé ìdílé Macaulay ló ti wá, ṣùgbọ́n èmi ò gbà pé ẹ̀jẹ̀ ló ṣe é. Ìbéèrè ló bi, ìwé ló kọ̀ láti buwọ́ lù. Ẹni tó ń ta oògùn lè kọ̀ láti ta èyí tó ti bàjẹ́. Ẹnjiníà lè kọ̀ láti fọwọ́ sí ilé tí irin rẹ̀ ò tó. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà wá sí náà ni, àfi pé lọ́jọ́ kan, ṣíṣe é á ná wa ní nǹkan.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn yòókù. Nǹkan bí 900 èèyàn ló ti fara kan àwọn aláìsàn náà tàbí tó sún mọ́ wọn. Àwọn kan ló ń lọ láti ilé dé ilé fún ọjọ́ 21, tí wọ́n ń wo bóyá ara wọn ń gbóná. Ó ju ìgbà 18,000 lọ tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ẹ wo irú ìbẹ̀rù tó wà nílùú nígbà yẹn, táwọn èèyàn ò fẹ́ bọ ara wọn lọ́wọ́ mọ́.

Bí ẹ bá mọ ẹnì kan tó ṣe iṣẹ́ yẹn, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa. Mo fẹ́ kó wá jókòó síbí, kó sọ tẹnu rẹ̀.