Bí A Ṣe Lè Dín Ikú Ojú Pópó Kù

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sọ ìrìn ọjọ́ mẹ́ta di ti wákàtí mélòó kan, ṣùgbọ́n ẹ̀mí tí ó ń gbà kò kéré. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2021 nìkan, nǹkan bí 1,190,000 ènìyàn ni ó kú sí ojú pópó káàkiri ayé. Ǹjẹ́ a lè dá irú ikú báyìí dúró bí?

Ní ọdún 1997, ìgbìmọ̀ aṣòfin orílẹ̀-èdè Swídìn fi ọwọ́ sí ètò kan tí ó ní í lọ́kàn pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kú sí ojú pópó mọ́. Ìpìlẹ̀ ètò náà ni pé ẹlẹ́ran ara ni awakọ̀. Bí ó ti wù kí ó ṣọ́ra tó, yóò ṣe àṣìṣe lọ́jọ́ kan. Ojúṣe àwọn tí ń la ọ̀nà àti àwọn tí ń ṣe òfin ni láti rí i pé àṣìṣe náà kò di ikú. Wọ́n na okùn irin sí àárín títì púpọ̀, kí ọkọ̀ tí ń lọ àti èyí tí ń bọ̀ má baà forí sọ ara wọn. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí àwọn ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ rìn, wọ́n dín eré ọkọ̀ kù sí kìlómítà 30 ní wákàtí kan, nítorí ẹni tí ọkọ̀ bá gbá ní ìwọ̀n eré bẹ́ẹ̀ sábà máa ń yè é. Ènìyàn tí ó ju 500 lọ ni ó kú sí ojú pópó wọn ní ọdún 1997. Ní ọdún 2023, wọn kò tó 250.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tún ti ṣe ọkọ̀ tí ń wa ara rẹ̀. Kámẹ́rà àti rédà ni ojú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni ó ń darí rẹ̀, òun náà ni ó sì ń tẹ búréèkì. Kì í mu ọtí, kì í tòògbé. Láti ọdún 2020 ni ilé-iṣẹ́ Waymo ti ń fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbé èrò láìsí awakọ̀ ní agbègbè Phoenix ní Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, ẹ̀rọ pàápàá lè ṣìnà. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, ọkọ̀ kan tí wọ́n ń dán wò pa obìnrin kan tí ń sọdá títì ní ìlú Tempe, ní agbègbè kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ènìyàn jókòó nínú rẹ̀ láti máa ṣọ́ ọ. Nítorí náà, ẹ̀rọ pẹ̀lú gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ òfin.

Kò di ìgbà tí irú ọkọ̀ yìí bá dé Nàìjíríà kí a tó gba ẹ̀mí là. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti wà láti ọdún 1988, òfin bẹ́líìtì àti ti eré ọkọ̀ sì wà pẹ̀lú. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Kí awakọ̀ rọra sáré, kí èrò de bẹ́líìtì, kí ìjọba tún ọ̀nà ṣe, kí àwọn ará ìlú sì máa fi ibi tí ó bàjẹ́ tó o létí kí ó tó pa ènìyàn.