Dókítà Wo Ni Yóò Gba Káàdì Ìlera Wa?

Ọ̀rọ̀ tí a ní fún yín lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ gbígbá ọjà. Ọ̀rọ̀ ọsibítù ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ìwé yìí wé àkàrà, nítorí a mọ ohun tí ẹ máa ń fi ṣe.

Ṣé ẹ rántí pé lọ́dún tó kọjá, àwa ogójì ni a jọ sanwó ètò adójútòfò ìlera, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní ìnṣọ́ránsì. Ọ̀kan nínú wa tó ń ta ata, ibà dé sí ọmọ rẹ̀ lára lóru, ara ọmọ gbóná bí iná. Ó gbé e lọ sí ọsibítù kan tó wà nítòsí ilé rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri níbẹ̀ gàdàgbà pé àwọn ń gba ìnṣọ́ránsì. Akọ̀wé ibẹ̀ wo ìwé, ó tún un wò, ó ní, "Màmá, orúkọ yín ò sí lọ́dọ̀ wa o." Màmá ní òun ti sanwó, ó fi káàdì hàn. Wọ́n ní àwọn rí káàdì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn. Owó tí ó fẹ́ fi gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì ní Bódìjà láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni ó san kalẹ̀ kí wọ́n tó tọ́jú ọmọ. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ìsọ̀ rẹ̀ fi ṣófo.

Nígbà tí ó rò ó ní ìpàdé, ó ní olè ni ìnṣọ́ránsì. Ojú ti àwa tí a jẹ́ akọ̀wé, nítorí àwa ni a kọ fóòmù fún gbogbo yín. Ibi tí wọ́n ní kí a kọ orúkọ ọsibítù sí, a ò mọ ohun tí à bá kọ, a fi í sílẹ̀ fún ọmọkùnrin tó wá gba fóòmù. Ọsibítù kan ṣoṣo ló kọ fún gbogbo ogójì wa, ìyẹn náà wà ní òdìkejì ìlú, ọkọ̀ méjì ni èèyàn máa wọ̀ débẹ̀. Ẹ̀bi wa ni, a sì ti tọrọ àforíjì. Ìdí nìyẹn tí a fi ti ìsọ̀ wa fún ọjọ́ méjì, tí a lọ jókòó ní ọ́fíìsì wọn, tí a bi wọ́n ní gbogbo ìbéèrè tó wà lọ́kàn wa. Ohun tí a gbọ́ nìyí.

Ẹ jẹ́ ká fi àjọ ṣàlàyé rẹ̀. Bí o bá ń dá àjọ ₦500 lójoojúmọ́, tí oṣù bá parí, alájọ á yọ ti ọjọ́ kan, á kó ìyókù fún ọ. Owó rẹ ni, ó padà sọ́wọ́ rẹ. Adójútòfò ò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la jọ dá a, ẹni tí àìsàn bá kàn ni wọ́n á fi tọ́jú. Ẹni tí kò ṣàìsàn lọ́dún yẹn kò ní gba kọ́bọ̀ padà, kí onítọ̀hún máa dúpẹ́ ni. Wàyí o, ilé iṣẹ́ tó gba owó náà kì í pín in káàkiri gbogbo ọsibítù. Lóṣooṣù, wọ́n á san owó díẹ̀ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan fún ọsibítù tí orúkọ onítọ̀hún wà lọ́dọ̀ wọn, ìbáà wá, ìbáà má wá. Ọsibítù tí orúkọ rẹ ò sí níbẹ̀, kò sẹ́ni tó san nǹkan kan fún wọn lórí rẹ. Lójú tiwọn, bí ẹni tó kó àjọ lọ́dọ̀ alájọ kan, tó wá lọ bá alájọ mìíràn pé kó fún òun lówó, ni. Nítorí náà ni wọ́n ṣe lé màmá aláta sí ìdí owó.

Ohun tí wọ́n kọ sára ògiri ńkọ́? Ilé iṣẹ́ tó ń ṣètò yìí pọ̀, HMO ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọsibítù lè máa bá HMO kan ṣe, kó má bá èkejì ṣe. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti ń bá a ṣe rí, ṣùgbọ́n HMO jẹ wọ́n lówó, wọ́n bá jáde, wọn ò sì rántí pa ohun tó wà lára ògiri rẹ́. Ẹ má gba ògiri gbọ́ o. Ẹnu èèyàn tó wà nínú ọ́fíìsì ni kí ẹ gbọ́.

Kí ẹ tó wá dókítà, ẹ kọ́kọ́ mọ irú ètò tí ẹ wà. Ìjọba àpapọ̀ ní tiwọn. NHIS ni wọ́n ń pè é látìgbà tí òfin rẹ̀ ti jáde ní 1999, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Ní 2022 òfin tuntun jáde, ó di NHIA, òfin náà sì ní gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì, àwa ọlọ́jà náà wà nínú rẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ ní tiwọn: ti Ọ̀yọ́ níhìn-ín ni OYSHIA, àwọn ará Èkó ní Ìlera Èkó. Àwọn aládàáni sì ń ta tiwọn náà. Káàdì ọ̀kan kì í ṣí ilẹ̀kùn èkejì. Ẹni tí kò bá mọ èyí tí ó wà, kí ó wo orúkọ tó wà lókè káàdì rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ètò náà, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìwé tí orúkọ àwọn ọsibítù tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín wà. Ẹ mú NIN yín dání. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yan ọ̀kan fún yín. Ẹ yan méjì tàbí mẹ́ta nínú rẹ̀, kí ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín rìn débẹ̀. Níbẹ̀, ẹ béèrè ẹni tó ń mójú tó ìnṣọ́ránsì, ẹ dárúkọ ètò yín àti HMO yín, kí ẹ bi í pé, "Ṣé ẹ ṣì ń gba èyí lóṣù yìí?" Ẹ bi í bóyá dókítà wà lóru, àbí nọ́ọ̀sì nìkan. Àwọn dókítà ti ń rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun, ọsibítù tó ní dókítà mẹ́ta tẹ́lẹ̀ lè ku ẹyọ kan tó ń wá lọ́jọ́ Tuesday àti Friday. Ẹ bi wọ́n nípa oògùn náà. Nínú ètò ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, aláìsàn máa ń san ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oògùn. Ẹ bèèrè iye tó kàn yín nínú tiyín.

Àṣírí kan rèé tí kò sí nínú ìwé wọn: ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn aláìsàn, ẹ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Wọn á sọ fún yín bóyá wọ́n máa ń dá àwọn onínáwó lóhùn ṣáájú àwọn oníkáàdì, àti bóyá Panadol ni gbogbo ìgbà, tí oògùn gidi á máa "tán". Àwa gbọ́ púpọ̀ lórí bẹ́ǹṣì ju ti ọ́fíìsì lọ.

Ṣé kó wà nítòsí ilé ni àbí nítòsí ọjà? A jiyàn lórí èyí gan-an. Ní tiwa, ilé ni a fara mọ́, nítorí òru ni àìsàn ọmọdé máa ń le, òru ni ọkọ̀ sì máa ń wọ́n. Àmọ́ ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti dàgbà lè mú ti ìtòsí ọjà. Ẹ rí i pé orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan wọ inú ìwé, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú NIN gẹ́lẹ́. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ ò sí, kò sí nínú àjọ.

Bí dókítà yín bá ní ọ̀rọ̀ náà ju agbára òun lọ, kí ẹ lọ sí Adéọ̀yọ́ tàbí UCH, ẹ má gbé káàdì sáré lọ. Ìwé ìfiránṣẹ́ ni yóò kọ, òun ni yóò sì gba nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní kóòdù lọ́wọ́ HMO. Láìsí kóòdù, wọ́n á ní kí ẹ sanwó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fìyà jẹ èèyàn jù, aláìsàn á jókòó látàárọ̀ dalẹ́. Ní 2025, NHIA pàṣẹ pé kóòdù ò gbọdọ̀ pẹ́ ju wákàtí kan lọ. Kí ẹ rán wọn létí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni o, ẹ má bá nọ́ọ̀sì jà.

Tí ó bá jẹ́ ọ̀ràn pàjáwìrì, bí ìjàǹbá ọkọ̀ tàbí aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ọsibítù tó bá súnmọ́ jù ni kí ẹ gbé e lọ. Òfin ìlera ti 2014 ní ọsibítù kankan kò gbọdọ̀ kọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lè san ₦100,000 tàbí kí ó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Pé wọ́n tọ́jú rẹ̀ kò túmọ̀ sí pé wọn ò ní béèrè owó o. Nítorí náà, kí ẹnì kan nínú ẹbí pe HMO lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó sì tọ́jú gbogbo rìsíìtì.

Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ ọsibítù lè pààrọ̀, ṣùgbọ́n ó ní fóòmù, ó sì máa ń gbà tó oṣù díẹ̀ kí wọ́n tó gbé orúkọ rẹ̀ kúrò. Màmá aláta ti kọ tirẹ̀. Ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, kí oníkálukú mú káàdì rẹ̀ àti NIN rẹ̀ wá. A ó ka orúkọ ọsibítù tó wà lórí rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ olúwarẹ̀, tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, a ó kọ fóòmù níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó dárúkọ ọsibítù, tiwa ni ká kọ ọ́.