Pachinko Inú Ilé: Ti Àtàǹpàkò àbí Ti Oníná?

Oríṣi ẹ̀rọ pachinko méjì ni èèyàn lè gbé sínú ilé lónìí. Ọ̀kan ni ti àtijọ́, tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1960 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, tó jẹ́ pé àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń ta á, bọ́ọ̀lù kan lẹ́ẹ̀kan. Ìkejì ni ti òde òní, tó ní síkíríìnì láàárín, tí iná mànàmáná ń ta bọ́ọ̀lù rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Lókèèrè, wọ́n jọra gan-an: àwọn méjèèjì wà lóòró, gíláàsì bo ojú wọn, ìṣó idẹ kún inú wọn, bọ́ọ̀lù irin tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 11 ló sì ń já bọ́ láàárín ìṣó náà. Àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń fúnni yàtọ̀, adùn wọn yàtọ̀, wàhálà wọn náà kì í ṣe ọ̀kan. Ti àtijọ́ ni èmi fara mọ́, màá sì sọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní fi ẹ̀tọ́ ti òde òní dù ú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí ilé ń yọ kúrò nínú pachinko. Ní ilé ìtayò ní Japan, yíyá ni wọ́n ń yá bọ́ọ̀lù. Yen 4 fún ẹyọ kan ni iye tó ti pẹ́ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti yen 1 náà ti wà. Bí ẹ bá jẹ, bọ́ọ̀lù á tú jáde, ẹ ó kó o lọ sí káńtà, wọ́n á sì fún yín ní ẹ̀bùn. Òfin ilẹ̀ náà kò gbà kí ilé ìtayò san owó, nítorí náà ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gba ẹ̀bùn kékeré kan, tí wọ́n á gbé e lọ sí fèrèsé tóóró kan nítòsí, tó jẹ́ ti ẹlòmíràn, kí wọ́n lè rà á lọ́wọ́ wọn. Owó ló wà nídìí gbogbo ìrìn yẹn. Nínú ilé, kò sí káńtà, kò sí fèrèsé. Bọ́ọ̀lù tí ẹ jẹ, tiyín ni tẹ́lẹ̀. Èyí tí ẹ pàdánù, abẹ́ ẹ̀rọ yín náà ló wà. Bí owó bá ti kúrò, kí ló kù tó lè mú èèyàn jókòó síwájú ẹ̀rọ fún odindi wákàtí kan? Ìbéèrè yìí ni mo fi ń wọn àwọn méjèèjì.

Kí pachinko tó di ohun owó, eré ọmọdé ni. Ní àwọn ọdún 1920 ni eré Corinth, tí wọ́n ń gbé lélẹ̀ ta, wọ Japan, àwọn ọmọdé sì ń ta á níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta súwíìtì. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e nàró kó má baà gba àyè. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ní ìlú Nagoya, Masamura Takeichi tún ìṣó rẹ̀ tò. Tẹ́lẹ̀, ìṣó kún gbogbo ojú ẹ̀rọ ní ìlà-ìlà. Masamura kó wọn jọ ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́, ó fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn, ó sì fi àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké tó ń yí sí i. Ìlànà tó gbé jáde ní 1948 yìí ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé títí dòní. Ní 1960 ni ẹnu alápá méjì tí wọ́n ń pè ní tulip dé. Bí bọ́ọ̀lù kan bá wọ inú rẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì á là, òmíràn á sì ríbi wọlé wẹ́rẹ́. Bí ìyẹn bá wọlé, apá náà á pa dé.

Inú ẹ̀rọ àtijọ́ ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀ lójú yín kedere. Ẹ ó fi àtàǹpàkò ọ̀tún tẹ ọ̀pá kékeré tó wà nísàlẹ̀, sípíríǹgì á fà, ẹ ó jù ú sílẹ̀, bọ́ọ̀lù á sì gba ojú irin tó ká bírí lọ sókè. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ jù, kò ní dé òkè, á yí padà wálẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù, á sá lọ kọlu etí ọ̀tún, á gba ibẹ̀ ṣòfò. Ibì kan wà láàárín méjèèjì, tí kò ju fífẹ̀ èékánná lọ, òun ni ọwọ́ ń wá. Bí ọwọ́ bá rí i, ẹ ó rí bọ́ọ̀lù tó bà lé orí ìṣó méjì, tó ń ta pọ́ún-pọ́ún níbẹ̀, tí ẹ ò mọ̀ bóyá òsì ni yóò yà sí tàbí ọ̀tún.

Ká ní ó wá wọ ẹnu kan, ẹ sáré wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Bọ́ọ̀lù yẹn á sọ̀ kalẹ̀ gba ọ̀nà tóóró kan, á sì já lé ọ̀pá fẹ́lẹ́ kan. Kò wúwo tó gíráàmù mẹ́fà, síbẹ̀ ìwúwo yẹn tó láti tẹ ọ̀pá náà wálẹ̀. Ọ̀pá á tú ilẹ̀kùn ibi tí bọ́ọ̀lù mìíràn ti tò dè é, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, agogo á dún, wọ́n á sì ya sínú àwo iwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí mọ́tò níbẹ̀, kò sí kọ̀ǹpútà. Bátìrì tí ẹ bá rí, ti gílóòbù kéékèèké nìkan ni. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ̀rọ á ṣì máa san. Mo mọ àwọn tó ń ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ wọn sílẹ̀ fún ọmọ láti wò nígbà tí ẹlòmíràn ń ta á níwájú, inú ọmọ náà sì máa ń dùn ju ti ẹni tó ń ta á lọ.

Ṣùgbọ́n ìgbékalẹ̀ rẹ̀ ń fẹ́ sùúrù. Ẹ̀rọ yìí kò ní ẹsẹ̀ tirẹ̀, torí inú ìlà ògiri ilé ìtayò ni wọ́n ṣe é fún. Káfíńtà ló kọ́kọ́ ní iṣẹ́: férémù pákó tó dúró ṣinṣin, tí kì í mì. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan bó ṣe máa fẹ̀yìn tì. Ojú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ yẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, bí ìwọ̀n dígíríì kan. Bó bá tẹ̀ síwájú, bọ́ọ̀lù á máa gbá gíláàsì. Bó bá tẹ̀ sẹ́yìn jù, bọ́ọ̀lù á máa lẹ̀ mọ́ pákó, eré rẹ̀ á sì falẹ̀. Ọ̀tún àti òsì rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ dọ́gba, nítorí náà ẹ yá irinṣẹ́ tí bíríkìlà fi ń mọ̀ bóyá ògiri tọ́, kí ẹ má fi ojú lásán wọ̀n ọ́n.

Ìdọ̀tí ọdún pípẹ́ ló máa ń wà ní ọ̀nà bọ́ọ̀lù. Aṣọ gbígbẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ ló dára fún un. Ẹ má ta òróró sí i rárá: òróró ń fa eruku mọ́ra, méjèèjì á di ẹrẹ̀, bọ́ọ̀lù á sì há. Bọ́ọ̀lù tó bá ti dípẹtà, ẹ ṣà á kúrò, torí ẹyọ kan tó há tó láti dá gbogbo ẹ̀rọ dúró. Ìṣó ni kí ẹ má fọwọ́ kàn. Ní ilé ìtayò, iṣẹ́ àwọn ọ̀gá ni títún ìṣó ṣe. Òòlù kékeré ni wọ́n fi ń gbá a jẹ́jẹ́, ìdá díẹ̀ nínú mìlímítà kan ló sì ń sọ bóyá ẹnu kan á lawọ́ tàbí á háwọ́. Ẹni tó bá fi píláyà tẹ ìṣó ẹ̀rọ àádọ́ta ọdún ó lé ti ba ohun tí kò lè tún ṣe jẹ́.

Àìlera rẹ̀ tó tóbi jù ni pé kò lè bọ́ ara rẹ̀. Ìdí ẹ̀rọ ni bọ́ọ̀lù tó ṣòfò ń gbà já bọ́. Ẹ ó gbé báàfù sábẹ́ rẹ̀, bó bá kún, ẹ ó bọ́ sí ẹ̀yìn láti dà á padà sínú àpótí òkè. Láyé ọjọ́un, òṣìṣẹ́ kan máa ń wà lẹ́yìn ìlà ẹ̀rọ tó ń ṣe èyí láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Nínú ilé, ẹ̀yin lòṣìṣẹ́ yẹn. Bí àpótí òkè bá sì gbẹ, ẹ lè ta bọ́ọ̀lù wọlé kí ẹ̀rọ má rí nǹkan kan san.

Ti òde òní kò mọ ìyà yẹn. Èyí tí wọ́n bá ti tún ṣe fún ilé ní àpótí kan nísàlẹ̀ tó ń gba bọ́ọ̀lù tó ṣòfò, tó sì ń dá a padà síwájú fúnra rẹ̀, débi pé bọ́ọ̀lù díẹ̀ tó láti ta títí dalẹ́. Ibi iná ni wàhálà tirẹ̀ wà. Iná 24 fóòtì ló ń jẹ, irú èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú wáyà, kì í ṣe irú ti bátìrì. Tíránsífọ́mà tí wọ́n ń tà fún un ní Japan, 100 fóòtì ló ń retí láti ara ògiri. Ẹni tó bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì 230 fóòtì ní London tàbí ní Ìbàdàn yóò jó o. Ọ̀rọ̀ káàdì náà wà níbẹ̀. Láti 1992 ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní CR ti ń bá àpótí káàdì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, bí kò bá sì gbọ́ ohùn àpótí náà, kò ní ta bọ́ọ̀lù kankan. Nínú ilé, wọ́n máa ń so pátákó oníwáyà kékeré kan mọ́ ọn tó ń tàn án pé àpótí wà níbẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi olùtajà bóyá ó ti ṣe èyí. Ó tún wúwo ju ti àtijọ́ lọ dáadáa. Ẹ má dá nìkan gbé e.

Ohun tí mi ò fi lè fi í ṣáájú ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù bá wọlé. Ilé-iṣẹ́ Sankyo gbé ẹ̀rọ Fever jáde ní 1980, nọ́ńbà mẹ́ta tó ń yí sì di ọkàn pachinko láti ìgbà náà. Ihò kan ló jẹ́ olórí nísàlẹ̀ àárín. Bí bọ́ọ̀lù bá gba ibẹ̀ kọjá, kọ̀ǹpútà á ti dájọ́ lójú ẹsẹ̀: ó jẹ, tàbí kò jẹ. Lẹ́yìn ìdájọ́ ni síkíríìnì ń wá yí nọ́ńbà, tí orin ń ga, tí iná ń kọ mànà, tí ọkàn ẹni ń lù kìkì. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé ìtayò, àǹfààní náà jẹ́ ẹyọ kan nínú nǹkan bí 319. Nínú àwọn tó rọjú, ẹyọ kan nínú nǹkan bí 99. Owó tó ń lọ ló ń mú èèyàn fara da irú ìdúró bẹ́ẹ̀ ní ilé ìtayò. Nínú ilé, wákàtí kan lè kọjá kí nọ́ńbà mẹ́ta má bára mu, ọwọ́ ẹni kò sì ní iṣẹ́ kankan. Ẹ yí ọwọ́ ìdarí dé ibi tó yẹ, ẹ dì í mú, ẹ̀rọ á máa ta á lọ, ó lè tó bọ́ọ̀lù 100 ní ìṣẹ́jú kan. Ó ń mọ̀ bí ara èèyàn bá kàn án, bí ẹ bá sì gbé ọwọ́ kúrò, á dákẹ́. Àní ẹ̀yà tó dé ní 2023 ti ti bọ́ọ̀lù mọ́ inú pátápátá; ẹni tó ń ta á kò fọwọ́ kan irin náà mọ́. Ó dùn mí, nítorí bọ́ọ̀lù tútù tó kún àtẹ́lẹwọ́ wà lára ohun tó ń mú mi fẹ́ràn pachinko.

Síbẹ̀, mi ò sí lára àwọn tó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú wo ti òde òní. Ẹ̀rọ Umi Monogatari, tí ilé-iṣẹ́ Sanyo bẹ̀rẹ̀ ní 1999, ní àwọn olólùfẹ́ tó mọ orin rẹ̀ látòkèdélẹ̀, tí ara wọn ń yá gágá bí ọ̀wọ́ ẹja bá là síkíríìnì kọjá, torí wọ́n mọ̀ pé jíjẹ ti sún mọ́lé. Kò sí ẹ̀rọ àtijọ́ tó lè fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ohun tó ń wá, nínú ilé ló sì ti lè rí àwọn àrà tó ṣọ̀wọ́n láìná kọ́bọ̀. Láti 2018, wọ́n tún gbà kí ẹ̀rọ ní ìpele mẹ́fà tí onílé ìtayò lè fi kọ́kọ́rọ́ yàn, láti èyí tó háwọ́ dé èyí tó lawọ́. Bí ẹ bá ra irú èyí, kọ́kọ́rọ́ náà di tiyín. Ẹni tí àtàǹpàkò ń dùn kò sì ní ojúṣe kankan láti fìyà jẹ ara rẹ̀ nítorí ohun àtijọ́.

Ti pé ó rọrùn láti rí, ti òde òní ló borí. Àṣẹ tí irú ẹ̀rọ kan fi ń wà ní ilé ìtayò ní gbèdéke, ọdún mẹ́ta ni ti àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ̀rọ tó ṣì dára ń jáde lọ́pọ̀ yanturu. Ti àtijọ́, ẹnikẹ́ni kò ṣe é mọ́. Ara ẹ̀rọ tó ti kú ni wọ́n ti ń yọ ẹ̀yà fún èyí tó wà láàyè. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò tilẹ̀ sí ní Japan mọ́, nítorí pé ní àwọn ọdún 1970 ni wọ́n kó àlòkù rẹ̀ lọ Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì ń tà á níbẹ̀ fún eré inú ilé. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀rọ àtijọ́ ti ilé-iṣẹ́ Nishijin sábà máa ń rí i nínú gáréèjì àwọn ará Amẹ́ríkà.

Ti ariwo, kò séyìí tó mọ́wọ́ nínú wọn. A lè rẹ ohùn sípíkà ti òde òní sílẹ̀ bí a bá ti fi bọ́tìnì sí i, a sì lè fi aṣọ dí agogo ti àtijọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè pa ariwo irin lára ìṣó lẹ́nu mọ́. Ẹni tó ń gbé yàrá kan ní Tokyo, tí ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ ya òun àti aládùúgbò rẹ̀, kó ra ti àtijọ́: bọ́ọ̀lù kan lẹ́ẹ̀kan dára ju ọgọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú kan lọ.

Bí ẹ bá ti wá rí ti àtijọ́ tí wọ́n fẹ́ tà fún yín, ẹ má wo bí ojú rẹ̀ ṣe ń dán. Ẹ ní kí wọ́n da bọ́ọ̀lù sínú àpótí òkè, kí ẹ ṣí gíláàsì, kí ẹ sì fi ọwọ́ ju bọ́ọ̀lù kan sínú ẹnu kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Ẹ ka ohun tó bá tú sínú àwo. Bó bá pé lẹ́nu gbogbo wọn, ẹ sanwó. Bó bá ń dín ẹyọ kan tàbí méjì, ọ̀nà kan ló dí, aṣọ gbígbẹ á là á, ẹ sì lè fi ìyẹn ná an wálẹ̀. Bí ẹnu kan kò bá san rárá, ẹ yẹ ọ̀pá ẹ̀yìn wò: bó bá ti tẹ̀, ó ṣeé tọ́, bó bá jẹ́ ọ̀rá tó ti gbó tó sì ti kán ni, ẹ jẹ́ kó máa bá olówó rẹ̀ gbé.