Sinimá àti Ohùn Ilé Wa

Èmi kì í ṣe lámèyítọ́. Òǹwòran lásán ni mí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò.

Nínú Ong-Bak, sinimá ilẹ̀ Thailand ti ọdún 2003, wọ́n jí orí ère Buddha abúlé kan. Ting wá a lọ sí Bangkok, ó sì bá ará ilé rẹ̀, Humlae, níbẹ̀, ẹni tí ó ti sọ ara rẹ̀ di George. Ìjà Ting ni gbogbo ènìyàn ń yìn. Ní tèmi, orúkọ tí Humlae pa dà ni ó mú mi lọ́kàn, nítorí pé àwa náà ń ṣe é. Ọmọ Ìsọlọ̀-Ọ̀pin ni mí. Bí àwa ọmọ Èkìtì bá ti wọ ọgbà yunifásítì, “ulé” a di “ilé”, “uṣu” a di “iṣu”, kí wọ́n má baà fi wá rẹ́rìn-ín.

Láti orí Àjàní Ògún (1976), tí Adé Afọláyan ti ṣeré, títí dé Aníkúlápó (2022), tí Kúnlé ọmọ rẹ̀ darí, Yorùbá àjùmọ̀lò ni ó gbilẹ̀ nínú sinimá wa. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: ẹni tí ó náwó fẹ́ kí gbogbo Yorùbá gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n lóde òní, ìtumọ̀ ń hàn lábẹ́ àwòrán. Bí ará Amẹ́ríkà bá lè kà á kí Aníkúlápó yé e, kí ni yóò dí ará Ìbàdàn lọ́wọ́ láti ka ti Èkìtì?

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtàgé tiwa. Nínú eré ẹgbẹ́ wa tí ń bọ̀, kí ìyá arúgbó pe ilé rẹ̀ ní ulé.