Ìwé Mímọ́ Ẹ̀sìn Búdà Lórí Ewé Ọ̀pẹ

Láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkejìlá, nígbà tí ìdílé ọba Pala ń ṣàkóso Bihar àti Bengal ní ìlà-oòrùn Íńdíà, iṣẹ́ ọ̀wọ̀ ni dída ìwé mímọ́ ẹ̀sìn Búdà kọ àti fífi àwòrán kéékèèké ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ jẹ́ ní àwọn ibùdó ẹ̀sìn bíi Nalanda.

Ewé ọ̀pẹ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Wọn a sá ewé náà gbẹ, wọn a gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́, wọn a sì dá ihò sí i kí okùn lè so gbogbo rẹ̀ pọ̀ láàárín pákó méjì, tí wọ́n máa ń kun nígbà mìíràn.

Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni Ashtasahasrika Prajnaparamita, ìyẹn ẹ̀kọ́ ọgbọ́n pípé ní ẹsẹ 8,000. Àwòrán inú rẹ̀ kì í sábà ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tó yí i ká. Ìtàn ìgbésí ayé Búdà àti àwòrán àwọn bodhisattva, ìyẹn àwọn ẹni mímọ́ tó fẹ́ gba gbogbo ẹ̀dá lọ́wọ́ ìyà, ló wọ́pọ̀ níbẹ̀, nítorí àwọn onígbàgbọ́ gbà pé ìwé náà fúnra rẹ̀ yẹ fún ìjúbà, àti pé ẹni tó náwó sí i yóò rí ẹ̀san rere gbà.

Nígbà tí ogun kọlu Nalanda ní nǹkan bí ọdún 1200, iṣẹ́ ọnà yìí kò parun, nítorí ó ti fìdí múlẹ̀ ní Nepal, níbi tí wọ́n ti da ẹ̀dà Ashtasahasrika Prajnaparamita kan kọ ní ọdún 1015, èyí tó wà ní ilé ìkàwé Yunifásítì Cambridge lónìí.