Okùn Fáíbà Láàárín Ilé Méjì: Ohun Tó Yẹ Kí Ìgbìmọ̀ Mọ́sálásí Mọ̀ Kí Wọ́n Tó Náwó Jamáà



Owó tí jamáà dá, àmáánà ni. Ìdí nìyí tí ó fi dùn wá nígbà tí a rí ìgbìmọ̀ kan tó náwó láti fi okùn fáíbà so ọ́fíìsì mọ́sálásí mọ́ ilé-kéwú, àmọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì kò kọjá. Okùn kò bàjẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n rà sí apá méjèèjì ni kò bára mu.

Ní Ẹdẹ lónìí, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Pólì ìjọba àpapọ̀ tó ti wà láti 1992 tàbí Yunifásítì Adeleke tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011 nìkan. Ó kan ẹnikẹ́ni tí ilé rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ nínú ọgbà.

Kí ló dé tí a kò fi lo wáyà bàbà? Kò yẹ kó gùn ju mítà 100 lọ. Bákan náà, bàbà ń gbé iná: bí àrá bá sán nítòsí, ó lè gba inú wáyà jó ẹ̀rọ ilé méjèèjì. Dígí tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ni fáíbà. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á:

Àkọ́kọ́, ẹ ra irú tí wọ́n ń pè ní single-mode, tí wọ́n ṣe fún ìta, tí kò sì ní irin nínú. Ẹ gbé e gba inú páìpù kí eku má baà jẹ ẹ́. Okùn inú rẹ̀ kó má dín ní mẹ́rin, bí ẹ tilẹ̀ ń lo méjì péré, kí ẹ má baà tún ilẹ̀ gbẹ́ lọ́la.

Ìkejì, ẹ ra suíìṣì tó ní ihò SFP sí ilé kọ̀ọ̀kan. SFP ni ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà di ìmọ́lẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ fún single-mode lè dé kìlómítà 10, ó sì tó fún ọgbà èyíkéyìí. Kí ìyára méjèèjì dọ́gba.

Ìkẹta, ibí yìí ni ìgbìmọ̀ yẹn ti kọsẹ̀. Irú SFP kan wà tó ń lo okùn ẹyọ kan fún lílọ àti bíbọ̀. Bíi tọkọtaya ni wọ́n: bí ọ̀kan bá ń fi ìmọ́lẹ̀ 1310 ránṣẹ́, tó ń gba 1550, èkejì gbọ́dọ̀ máa fi 1550 ránṣẹ́, kó máa gba 1310. Irú kan náà ni wọ́n rà méjì.

Ìkẹrin, ẹ wo àwọ̀ ẹnu okùn: búlúù pẹ̀lú búlúù, àwọ̀ ewé pẹ̀lú àwọ̀ ewé.

Fáíbà kì í gbé iná mànàmáná, nítorí náà apá méjèèjì ló nílò UPS. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé yọjú wo ẹnu okùn tó ń ṣiṣẹ́; ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ kò hàn sí ojú, ó sì lè ṣe ojú ní jàǹbá.

Kí wọ́n tó gba owó iṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n dán an wò lójú yín.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ ká lè ṣọ́ àmáánà wa. Àmín.