Ojú Ọ̀run Ló Sún, Kì í Ṣe Òpó Ilẹ̀

Bí ẹnì kan bá fi GPS pọ́ọ́kú wọn igun ilẹ̀ kan ní Adigbe, l'Ábẹ́òkúta, láàárọ̀, tó tún padà wọ̀n ọ́n ní aago méjì ọ̀sán, ẹ̀rọ náà lè sọ pé igun ọ̀hún ti fi mítà mélòó kan sún. Bẹ́ẹ̀ òpó kọnkéré ṣì wà lójú kan. Ojú ọ̀run ló yí padà.

Sátẹ́láìtì GPS wà ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà sókè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi àmì rédíò pe aago. Ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ á wo ìgbà tí àmì náà dé, á sì fi eré ìmọ́lẹ̀ ṣírò bí ó ṣe jìnnà tó. Àmì sátẹ́láìtì mẹ́rin tó láti mọ ibi tí ẹ̀rọ náà wà. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá, 30 sẹ̀ǹtímítà nìyẹn.

Kí àmì tó délẹ̀, ó gbọ́dọ̀ la ionosphere kọjá, níbi tí oòrùn ti ń já ẹ̀lẹ́tírọ́ọ̀nù kúrò lára afẹ́fẹ́. Bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó ni àmì ṣe ń pẹ́ tó, bí ẹni tó ń la èrò Panseke l'Ábẹ́òkúta kọjá nírọ̀lẹ́.

John Klobuchar, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe ìṣirò tí GPS ń lò fún ìdádúró yìí. Ó ní ká gbà pé gbogbo ẹ̀lẹ́tírọ́ọ̀nù kó jọ sórí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, bí awọ ìlù, tí a ta sí 350 kìlómítà lókè. Lóru, ìdádúró kò ju bíi mítà kan àbọ̀ lọ. Bílẹ̀ bá mọ́, á máa gòkè, á ga jù ní aago méjì ọ̀sán, á sì sọ̀ kalẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́jọ péré ni sátẹ́láìtì ń fi ránṣẹ́ fún ìṣirò yìí. Fóònù á ṣe ìyókù. Nǹkan bí ìdajì àṣìṣe ni ìṣirò náà ń mú kúrò.

Ìdajì tó kù ló ń dà wá láàmú jù. Ìlà agbedeméjì òòfà ayé gba àríwá Nàìjíríà kọjá, ojú ọ̀run wa kò sì tẹ́jú bí awọ ìlù. Bí oòrùn bá wọ̀, ìsàlẹ̀ ionosphere á kọ́kọ́ fúyẹ́, òkè á ṣì wúwo. Ni ìsàlẹ̀ á bá máa ru sókè, bí ẹ̀kọ tó ń hó lórí iná. Àmì tó bá gba ibẹ̀ á máa ṣẹ́jú bí ìràwọ̀, ẹ̀rọ sì lè pàdánù rẹ̀ pátápátá.

Wíwọ̀n ojú ọ̀run ló ń tún ìṣirò ṣe. Ní 1957 sí 1958, Ọdún Ìwádìí Ayé Lágbàáyé, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń ta ìgbì rédíò sókè láti Ìbàdàn, wọ́n sì ń ka ìgbì tó padà. Lónìí, àwọn ẹ̀rọ NIGNET ti ọ́fíìsì Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ Àgbà Ìjọba Àpapọ̀, tí ọ̀kan wà ní Yunifásítì Èkó, ń gbọ́ àmì méjì láti ara sátẹ́láìtì kan náà: 1575.42 àti 1227.60 megahertz. Èyí tó kéré ló ń pẹ́ jù; àlàfo àárín ìgbà tí wọ́n dé ló ń sọ iye ẹ̀lẹ́tírọ́ọ̀nù.

Ọ̀nà tó rọrùn jù fún wọnlẹ̀wọnlẹ̀ Adigbe ni ẹ̀rọ méjì: ọ̀kan á wà lórí òpó tí a ti mọ ibi tó wà, èkejì á máa wọn ilẹ̀. Ọ̀run kan náà ló bo àwọn méjèèjì, nítorí náà àṣìṣe ti àkọ́kọ́ la ó yọ kúrò nínú ti èkejì. Bí ẹ bá fẹ́ ra ilẹ̀, ẹ bi wọnlẹ̀wọnlẹ̀ yín pé níbo ló gbé ẹ̀rọ àkọ́kọ́ sí.